Òdòdó Mẹ́fà, Ọwọ́ Mẹ́ta

Stone Mountain, Atlanta
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Fọlábí, ọmọ ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ilé gàrí rẹ ń lọ geere? Ṣé Mùkáílà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún ọ ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́? Èmi ìyá bàbá rẹ wà láàyè, ara mi sì le. Bọ́sẹ̀ àbúrò bàbá rẹ kí ọ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kó ráyè jókòó, síbẹ̀ ó ń sanra. Hephzibah ọmọ rẹ̀ ti ga jù mí lọ. Òun ló ń ya fọ́tò lẹ́tà mi tó ń fi í ránṣẹ́ sí ọ, nítorí náà bí o bá rí èékánná tí wọ́n kùn ní búlúù létí ìwé, tirẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi.

Mo ti sọ ọ́ kí n tó kúrò nílé, mo tún ń sọ ọ́: má fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí kí n tó mọ ìwé kà ní kíláàsì àgbà ní Ìgbóọrà. Ṣé kí n kọ́ ìwé tán ni kí ọmọ mi wá máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B? Kọ ọ́ sórí ìwé, kí o ya fọ́tò rẹ̀.

Wọ́n ti fi mí sí kíláàsì níbí náà, ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ni a ti ń ṣe é, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Clara ni orúkọ olùkọ́ wa. Bó bá ń pe Kẹ́hìndé, ńṣe ló dà bí ẹni tí ata há lọ́fun. Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀, Ostap ni wọ́n ń pè é. Ogun ló lé e kúrò ní Ukraine wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, òun ló ń to àga. Mo rò pé òun ni wọ́n gbà láti máa gbálẹ̀. Mo nàka sí àga, mo nàka sí ìdí fèrèsé. Ó gbé e wá. Mo nàka sí tábìlì. Ó gbé ìyẹn náà wá, ó sì tẹrí ba. Mo ní, èyí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Hephzibah ń fà mí láṣọ, “Grandma, please! Òun kọ́ ni cleaner!” À ṣé akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi ni. Àìmọ̀kan mọ̀kàn ló mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ wá kù. Ẹnu Bọ́sẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú fẹ́ kí o díje sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ṣé ẹnu tìrẹ ń dùn ọ́ ni? Ìgbà tí o sì máa pè mí, àdúrà lo ní kí n gbà lórí fóònù. Fọlábí, ní ilé Oyèkànmí, ẹni tó dàgbà jù ló ń gbé ọwọ́ lé orí ẹni tó bá fẹ́ jáde síta. Kí o tó lọ kọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé ní yunifásítì, ọwọ́ mi yìí wà lórí rẹ. Kí o tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ n’Íbàdàn tí o wá dá ilé gàrí sílẹ̀, ọwọ́ mi yìí náà ni. Fóònù kò ní ọwọ́. Àti pé, n kò tíì mọ̀ bóyá ohun tó yẹ kí n gbàdúrà sí ni. Kọ ohun tó wà nínú rẹ sí mi.

Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀, fi irú ránṣẹ́. Irú tí wọ́n ń tà níbí, òórùn rẹ̀ ti sọnù sójú òkun.

Èmi ni, Kẹ́hìndé Oyèkànmí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.


Ìgbóọrà
Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ìyá Àgbà mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ kú àárò ilé, ẹ kú ìrọ́jú òtútù tó ń bọ̀. Mùkáílà ti gbádùn. Ó ní kí n bi yín bóyá wọ́n ti jẹ́ kí ẹ gbin ewébẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Ẹ má bínú pé ẹnu Àǹtí Bọ́sẹ̀ ni ẹ ti gbọ́. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Ìyá Àgbà, ọdún mẹ́jọ ni mo fi jókòó ní ọ́fíìsì ètò ìṣúná n’Íbàdàn, tí mo ń kọ iye ẹ̀gẹ́ tí Ìbàràpá ń pèsè, láìfi ẹsẹ̀ tẹ oko ẹ̀gẹ́ kan. Ìgbà tí mo dá ilé gàrí sílẹ̀ ni mo tó rí i pé ẹ̀gẹ́ tí mo kọ sínú ìwé ń jẹrà lójú ọ̀nà, nítorí ọkọ̀ kò lè gba ọ̀nà náà kọjá bí òjò bá rọ̀. Ta ló máa sọ ọ́ nílé ìgbìmọ̀? Àwọn tó wà níbẹ̀ kò mọ àwọ̀ ẹ̀gẹ́ tútù.

Ìparí oṣù Kẹta ni wọ́n máa kásẹ̀ gbígba fọ́ọ̀mù ìdíje nílẹ̀. Àwọn bàbá mi nínú ẹbí ti sọ ọ́ gbangba: “Ìyá Àgbà rẹ ńkọ́? Bí Ìyá kò bá tíì gbé ọwọ́ lé ọ lórí, a kò ní bá ọ lọ.” Ẹ̀yin nìkan ni mo ń dúró dè. Àdúrà kan péré ni, Ìyá Àgbà. Ẹ jọ̀wọ́.

Irú ń bọ̀ lọ́wọ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan. Mo wé e ní ọ̀rá mẹ́rin. Bí òórùn rẹ̀ bá gba gbogbo inú ọkọ̀ òfuurufú kan, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú.

Ọmọ yín,
Fọlábí


Stone Mountain, Atlanta
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2025

Fọlábí mi,

Irú dé. Bọ́sẹ̀ ṣí gbogbo fèrèsé ilé, ó tún wá jẹ ọbẹ̀ náà ju gbogbo wa lọ. Ọlọ́run á máa fún ọ ṣe.

Jókòó kí n sọ nǹkan fún ọ. Olùkọ́ ní kí oníkálukú sọ ìtàn ayé ẹni tó jókòó tì í. Bàbá Ostap ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Olùkọ́ gbé fóònù kan síwájú wa tó ń túmọ̀ èdè tirẹ̀ sí Yorùbá. Fóònù náà ń sọ Yorùbá bí ẹni tí eyín ń dùn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Ẹni tí mo ní kó gbé àga wá fún mi yìí, aṣòfin ni! Ọdún mẹ́jọ gbáko ló fi wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin orílẹ̀-èdè wọn. Kó tó dìgbà náà, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé bíi tìrẹ ni. Ní ayé ìjọba wọn àtijọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa jókòó sí ọ́fíìsì kó sì máa kọ iye ọkà tí wọ́n ń kó lóko. Nígbà tí ìjọba náà tú ká, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sí ìlú kékeré tí wọ́n ti bí i, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀. Láti ìdí búrẹ́dì ni àwọn ará ìlú ti gbé e lọ sílé ìgbìmọ̀.

Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo dìde, mo kúnlẹ̀ ní kíláàsì, mo ní kó dákun má bínú nítorí ọ̀rọ̀ àga. Ó sáré gbé mi dìde, ó fi ẹnu ko ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Láti ọjọ́ tí bàbá àgbà rẹ ti kú, ẹnikẹ́ni kò ṣe irú rẹ̀ sí mi rí, bàbá àgbà rẹ náà kò sì ṣe é! Hephzibah rẹ́rìn-ín títí ó fi dijú.

N kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo kàn ń sọ ohun tí mo rí fún ọ.

Ìyá bàbá rẹ,
Kẹ́hìndé


Ìgbóọrà
Ogúnjọ́, Oṣù Kẹwàá, 2025

Ìyá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Mo ka lẹ́tà yín sí etí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé gàrí. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní kí n béèrè bóyá bàbá náà ti ní ìyàwó.

Ẹ ò rí i báyìí? Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló mú un jókòó tì yín. Ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, òwò, ilé ìgbìmọ̀: ọ̀nà tí bàbá yẹn gbà ni mo fẹ́ gbà, ìyàtọ̀ rẹ̀ ò ju búrẹ́dì àti gàrí lọ. Bí ó bá ṣeé ṣe fún un, kí ló lè dí èmi lọ́wọ́? Ẹ bá mi bi í bó ṣe wọlé. Kí ẹ tún wá wo ọ̀nà bí ọwọ́ yín ṣe máa dé orí mi. Ẹ lè gbé e lé orí Àǹtí Bọ́sẹ̀ kó bá mi gbà á.

Ọmọ yín tó ń dúró,
Fọlábí


Stone Mountain, Atlanta
Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kọkànlá, 2025

Fọlábí,

Àlàáfíà ni mo wà. Inú mi ni kò dùn, n kò sì ní fi pamọ́ fún ọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ostap pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Mo ní kí Bọ́sẹ̀ gbé mi lọ sí ilé ìtajà, mo ra òdòdó. O mọ ìlú tí mo ti wá. Ọmọ Ìgbóọrà ni mí, ìlú ìbejì. Ṣé mo lè gbé ẹ̀bùn tó ṣẹ́ kù ní ọ̀kan fún ẹni tí mo ń bá yọ̀? Mo mú òdòdó mẹ́fà, aláwọ̀ ìyeyè, mo dì wọ́n ní méjì méjì bí ẹni di ọmọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un níwájú gbogbo kíláàsì.

Ó gbà á. Mo rí i tó ń fi ojú kà á. Ojú rẹ̀ yí padà. Ló bá fa ọ̀kan yọ nínú mẹ́fà, ó dá a padà fún mi!

Fọlábí, Táyé àti Kẹ́hìndé ni wọ́n bí wa. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wá nígbà tí àìsàn mú Táyé mi lọ. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò nínú méjì lójú mi, ojú ikú ni mo fi ń wò ó. Mo ju òdòdó náà sórí tábìlì, mo gbé báàgì mi. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ Clara ni mo ń jókòó sí. Bó bá kí mi, mo ń wo òkè.

Aṣòfin ni lóòótọ́. Wọ́n á gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á fi èyí tí kò wù wọ́n bù ọ́ kù ní gbangba. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń sọ èèyàn dà nìyẹn, n kò fẹ́ kó sọ ọmọ mi dà bẹ́ẹ̀. N kò ní gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni lórí nítorí rẹ̀. Jókòó sídìí gàrí rẹ.

Kẹ́hìndé


Ìgbóọrà
Ọgbọ̀njọ́, Oṣù Kọkànlá, 2025

Ìyá Àgbà,

Mo kí yín.

Ṣé òdòdó kan ni ẹ máa fi dá ẹjọ́ mi? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣé ẹ bi bàbá náà ní ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀?

Mo gba ti ìbànújẹ́ yín lórí Ìyá wa Táyé. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo yọ òdòdó.

Fọlábí


Stone Mountain, Atlanta
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kejìlá, 2025

Fọlábí, ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ wí tí ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀,

Mo ka ìwé rẹ nígbà mẹ́ta. Nígbà àkọ́kọ́, mo bú ọ. Nígbà kejì, mo bú ara mi. Nígbà kẹta, mo ní kí Hephzibah bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, kí n fi í sínú Bíbélì mi.

N kò ní fi ògo tí kì í ṣe tèmi fún ara mi: kì í ṣe èmi ni mo bi í. Olùkọ́ ló ní kí oníkálukú kọ ìlà mẹ́ta nípa ohun tó ń bà á nínú jẹ́. Ostap kọ tirẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, Hephzibah sì kà á fún mi. Ohun tó kọ ni: “Mo dá ọ̀kan padà kí èmi lè wà láàyè. Inú bí i. Mo pàdánù ọ̀rẹ́ mi.”

Fọlábí, Clara ló wá ṣàlàyé rẹ̀ fún wa: ní ilẹ̀ tiwọn, òkú ni wọ́n ń fún ní òdòdó méjì, mẹ́rin, mẹ́fà. Ibojì ni wọ́n ń kó o lọ. Ọ̀kan, mẹ́ta, márùn-ún, méje ni ti alààyè. Ó rí i pé mo gbé ti òkú fún un lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ó mọ̀ pé n kò mọ̀, ló bá yọ ọ̀kan kí tirẹ̀ lè di márùn-ún. Èyí tó yọ, òun ló fún mi, nítorí pé òdòdó kan ṣoṣo náà, ti alààyè ni. Ikú ni èmi rí nínú ọ̀kan, ikú ni òun rí nínú méjì, àwa méjèèjì ń sá fún nǹkan kan náà, a sì kọlu ara wa lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì tí a tún pàdé, mo gbé àga mi, fúnra mi o, mo lọ jókòó tì í. Ó gbé búrẹ́dì jáde nínú báàgì, búrẹ́dì tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ nínú àwo. Ó ní iyọ̀ ni àwọn fi ń gba àlejò. Mo ní, a bá ara wa délé, nítorí iyọ̀ ni àwa fi ń gba ọmọ tuntun sáyé. A jẹ ẹ́ tán pátápátá.

Nígbà náà ni mo wá bi í ní ìbéèrè rẹ, bó ṣe wọlé. Gbọ́ ohun tó sọ.

Ó ní ooru ààrò ilé búrẹ́dì pọ̀, òun a máa jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì kan ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé. Ẹni tó wá ra búrẹ́dì á jókòó tì í, á máa ráhùn: omi kò yọ, òrùlé ilé ẹ̀kọ́ ń jò. Òun a máa kọ ọ́, a sì máa lọ bá ẹni tó yẹ. Bẹ́ǹṣì ló gbé òun wọlé. Ní ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wọ rélùwéè padà wálé kó lè jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ní ọdún mẹ́rin kejì, ó di ẹni ńlá. Ìpàdé pọ̀. Kò wá mọ́. Lọ́jọ́ kan tó yà sílé, ó rí i pé àwọn ará ìlú ti dojú bẹ́ǹṣì dé. Nígbà ìbò kẹta, wọn kò dìbò fún un.

Mo bi í, “Kí lo wá ṣe?” Ó ní òun padà sílé, òun gbé bẹ́ǹṣì náà dìde, òun jókòó. Sátidé mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò wá. Ní ìkẹrin, ìyá arúgbó kan wá jókòó tì í. Ó ní, “Ostap, láti ọjọ́ tí o ti lọ ni búrẹ́dì rẹ ti ń kan.” Ó ní ọjọ́ yẹn ni òun tún di èèyàn. Kó tó di pé ogun dé, ó jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún láìjẹ́ aṣòfin.

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. O fẹ́ kí n gbé ọwọ́ lé ọ lórí? Kan bẹ́ǹṣì kan, gbé e síwájú ilé gàrí, kí o jókòó síbẹ̀ ní Sátidé méjìlá. Má pín nǹkan kan. Má wọ fìlà ẹgbẹ́. Gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ̀wé sí mi.

Mo mọ̀ pé o máa ní àkókò kò tó. Mo ti kà á lórí kàlẹ́ńdà Bọ́sẹ̀. Ó tó.

Ìyá bàbá rẹ tó ṣì ẹjọ́ dá, tó sì gbà bẹ́ẹ̀,
Kẹ́hìndé


Stone Mountain, Atlanta
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Oṣù Kìíní, 2026

Fọlábí,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. Kérésì kọjá, ọdún tuntun wọlé, n kò rí ìlà kan. O sọ fún Bọ́sẹ̀ lórí fóònù pé àlàáfíà lo wà, pé kó má bi ọ́ ní nǹkan mìíràn. Ṣé ìyẹn náà ni èsì?

Bóyá mo ti le jù. Bọ́sẹ̀ ní mo le jù. Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin lẹ wà l’Átílántà, ẹ wá ń fi bàbá òyìnbó ṣe òdiwọ̀n fún ọmọ tó wà ní Ìgbóọrà.” Mo ní kó lọ sùn, ó ti ibi iṣẹ́ dé ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò létí mi.

Yìnyín bọ́ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ostap kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn wa kí n má bàa yọ̀ ṣubú. Ó ń béèrè rẹ ní gbogbo ìgbà tí a bá pàdé: “Bẹ́ǹṣì? Bẹ́ǹṣì?” Mo ń mirí.

Bí o bá tilẹ̀ fẹ́ bú mi, kọ ọ́ sórí ìwé. Màá kà á.

Kẹ́hìndé


Ìgbóọrà
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹta, 2026

Ìyá Àgbà mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì ní dìde títí ẹ ó fi ka lẹ́tà yìí tán. Ẹ forí jì mí. Inú bí mi gan-an nígbà tí ìwé yín dé. Mo ní, Ìyá Àgbà ò fẹ́ kí n dé ibì kankan ni wọ́n ṣe rán mi lọ jókòó síta bí ọlẹ. Mo wá fi ìbínú kan bẹ́ǹṣì náà, pẹ̀lú pákó tó kù nídìí òrùlé. Mo búra pé n kò ní kọ̀wé sí yín títí Sátidé méjìlá fi máa pé, kí ẹ má bàa sọ pé mo ń ṣe ojú ayé. Àná ló pé.

Sátidé àkọ́kọ́, èmi, Mùkáílà àti ewúrẹ́ kan ni. Mùkáílà ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ ń dúró de mọ́tò ni?” Sátidé kejì, àwọn kan yà, wọ́n béèrè ohun tí mo fẹ́ pín. Mo ní etí ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Ní ẹ̀kẹrin, Yakub tó ń tún ọ̀kadà ṣe lódìkejì títì wá jókòó. Ó jókòó títí oòrùn fi kan wá lórí. Ó wá ní, “Ọ̀gá, ẹ lọ bi Ìyá Latifah ní ìsàlẹ̀ odò lọ́rọ̀ omi.” Ó dìde, ó lọ.

N kò lọ. Ní ẹ̀karùn-ún, Ìyá Latifah fúnra rẹ̀ wá. Ó gbé igbá omi kan dání, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín èmi àti òun.

Ó ní, “Wọ́n ní ẹ fẹ́ lọ bá wa ṣòfin.”

Mo ní, “Bí Ọlọ́run bá fẹ́, mà.”

Ó ní, “Ẹ kọ́kọ́ mu omi.”

Ìyá Àgbà, òórùn omi náà ti kí mi kí n tó tẹ̀ ba. Omi ẹ̀gẹ́ ni. Omi tí à ń fún lára ẹ̀gẹ́ nílé iṣẹ́ mi ń ṣàn gba ẹ̀yìn ògiri lọ sínú odò tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pọn. Ọdún mẹ́ta! Adìẹ wọn ti kú síbẹ̀, àgùntàn méjì pẹ̀lú. Èmi tí mo kàwé lórí ètò ọrọ̀ ajé, mo mọ iye ẹ̀gẹ́ tó ń wọlé, mo mọ iye gàrí tó ń jáde, n kò fi ìgbà kan béèrè ibi tí omi ń lọ.

Mo ní, “Ìyá Latifah, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?”

Ó ní, “Ibo la fẹ́ ti rí yín? Inú mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa lẹ máa ń wà. Òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ìdí tí ẹ fi ń jókòó.”

Gbogbo àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ló bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, èmi náà rẹ́rìn-ín.

A dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. A gbẹ́ kòtò ńlá méjì, a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ yípo, omi ẹ̀gẹ́ kò lọ sódò mọ́. A gbẹ́ kànga fún ìsàlẹ̀. Gbogbo owó tí mo fẹ́ fi tẹ àwòrán ojú mi káàkiri ló bá a lọ. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Ẹlẹgbẹ́ ẹ ń tẹ fọ́tò, ìwọ ń gbẹ́ kòtò.” Lánàá, bẹ́ǹṣì kò gba èrò. Àwọn kan gbé àpótí ìjókòó wá láti ilé wọn.

N kò bẹ̀ yín mọ́ pé kí ẹ jẹ́ kí n díje, Ìyá Àgbà. Fọ́ọ̀mù ṣì wà títí ìparí oṣù yìí. Ó wù mí síbẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní rárá, bẹ́ǹṣì ṣì máa wà níta ní Sátidé tó ń bọ̀. Ìyá Latifah ti ní òun kò tíì sọ ìdajì ohun tó wà nínú òun.

Ọmọ yín,
Fọlábí


Stone Mountain, Atlanta
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹta, 2026

Fọlábí Oyèkànmí, ọmọ ọmọ mi, oyè tó kàn mí,

Dìde nílẹ̀. Mo ti kà á tán. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan fún ara mi, lẹ́ẹ̀kan fún Bọ́sẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ní kíláàsì. Bẹ́ẹ̀ ni, ní kíláàsì! Mo dúró níwájú, mo ń kà á ní Yorùbá, fóònù Clara ń túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi. Nígbà tó dé ibi igbá omi, Ostap fi ọwọ́ lu tábìlì. Ó ń sọ̀rọ̀ kíkankíkan, fóònù ní: “Búrẹ́dì kíkan! Búrẹ́dì kíkan ni!” Omijé wà lójú rẹ̀. Èmi náà ò gbẹ lójú.

Kí Ìyá Latifah, kí o sì sọ fún un pé mo ní kó sọ ìdajì tó kù, kó má fi ọ̀kan pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. O ti wo tìrẹ, o rí i pé ó ya, o rán an. Kí ni mo tún ń wá?

Mo ń ronú bí ọwọ́ mi ṣe máa dé Ìgbóọrà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ti èmi ò wá lè ré òkun kọjá. Mo ya ojú ewé funfun kan nínú ìwé kíláàsì mi. Mo tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi lé e, Hephzibah fi bírò yí i ká. Mo tẹ́ ọwọ́ òsì mi tì í, ó yí òun náà ká. Mo gbàdúrà sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, n kò kánjú. Ọwọ́ méjì, bó ṣe yẹ ọmọ ìlú ìbejì.

Mo gbé e lọ fi han Ostap. Ó wò ó. Mo rí i tó tún ń fi ojú kà á. Ojú rẹ̀ rọ díẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo mọ ohun tó ń dà á láàmú. Mo gbé bírò lé e lọ́wọ́, mo nàka sí àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ mi méjèèjì. Bí mo ṣe nàka sí àga lọ́jọ́ kìíní gan-an ni. Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ó tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ síbẹ̀, èmi fúnra mi ni mo yí i ká. Ọwọ́ náà gùn, ìka rẹ̀ wọ́, àpá ààrò wà lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí kì í ṣe fọ́tò. Ìwé náà gan-an ni Ṣeun ará ṣọ́ọ̀ṣì Bọ́sẹ̀ ń mú bọ̀ wálé ní Ọjọ́rú. Bó bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, pe àwọn bàbá rẹ. Má wọ inú ilé. Jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí àgbà tó bá wà níbẹ̀ gbé ìwé náà lé orí rẹ, ibi tí ọwọ́ wà kó kan irun. Lẹ́yìn náà, kí o lọ gba fọ́ọ̀mù rẹ.

Àwọn bàbá rẹ máa béèrè. Mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n á ní, ọwọ́ Ìyá nìyí, ọwọ́ Ìyá nìyí, ti ta ni ẹ̀kẹta? Sọ fún wọn pé ti aṣòfin kan ni, tí wọ́n dojú bẹ́ǹṣì rẹ̀ dé rí, tó gbé e dìde, tó sì tún jókòó.

Èmi ni,
Kẹ́hìndé Oyèkànmí, tó ń kàwé l’Átílántà